Òṣùká kò jẹun

Ọjọ́ 37 tí ejò mi kò tíì fẹnu kan nǹkankan ni màámi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ mi. Láti ọjọ́ tí ejò ti wọlé, wọn kì í kọjá ibẹ̀. Wọ́n wo àpótí gíláàsì náà títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo oúnjẹ tí ò ń tò síwájú rẹ̀ yìí, ṣé o tiẹ̀ ti bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù?" Mo rẹ́rìn-ín. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí, aláró ni màámi. Ta ló yẹ kó kọ́ ta ní ọ̀rọ̀ ejò?

Kí ẹ má baà rò pé orí mi ti yí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ejò ṣe di ará ilé wa. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ń tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn Òkè-Báálẹ̀, mo bá a lọ wo àwọn tó ń ṣán igbó. Wọ́n gbẹ́ ihò òkété kan, dípò òkété, ejò ló yọ. "Ọká! Ọká!" ni wọ́n ń kígbe, àdá sì ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó débẹ̀. Àmọ́ ejò yìí kò bá wọn jà. Ńṣe ló ká ara rẹ̀ jọ, ó ti orí bọ àárín, ó wá rí róbótó bí òṣùká tí obìnrin fẹ́ fi ru omi. Ọká kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Erè ni, irú erè kékeré tí àwọn ọdẹ wa ń pè ní mọ́námọ́ná, tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python nítorí kíká yẹn gan-an. Kò ní oró. Ihò eku àti òkìtì ọ̀gán ni ilé rẹ̀, wọ́n sì ń rí i láti Senegal títí dé Uganda. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé òrìṣà wà fún wọn, àwọn èèyàn ń gbé wọn kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ní Òṣogbo tiwa, ọbẹ̀ ata ni wọ́n fẹ́ fi í sè. Mo san ₦3,000, mo gbé e sínú àpò ìrẹsì. Kí a tó délé ló ti ní orúkọ: Òṣùká.

Ọgbẹ́ àdá náà wà nítòsí ìrù. Èrò mi ni pé kí n tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí n dá a padà sí igbó. Ọgbẹ́ jinná lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí a padà débẹ̀, ibi tí ihò rẹ̀ wà ti di ìpìlẹ̀ ilé, wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù lé e lórí. Bó ṣe di ọ̀sìn nìyẹn. Ó wá ku kó jẹun.

Ibi tí mo fi í sí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe, n kò sì mọ̀. Ṣóò-gíláàsì kan wà nílẹ̀ tí àǹtí mi fi ń ta pọfpọ́ọ̀fù tẹ́lẹ̀: gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́yìn, gíláàsì lọ́tùn-ún lósì. Mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Lójú tèmi, ààfin ni mo kọ́ fún un. Ẹ wá rò ó wò: ẹranko tó ti ń sùn nínú ihò tó há gádígádí látọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin, tí ògiri ihò ń kan ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀, òun ni mo gbé sí gbangba bí ọjà títà. Àwọn ọmọ ilé ń kan gíláàsì kó-kó-kó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wá wò ó ní Sátidé. Èmi fúnra mi ń gbé e jáde ní alaalẹ́, mo ń fọwọ́ pa á lára, mo ní kó lè mọ̀ mí. Ejò kì í mọ olówó rẹ̀ bí ajá. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan ńlá kan tún ti gbá òun mú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kíká ló wà láti àárọ̀ dalẹ́, èmi sì rò pé bí ìwà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwa ni a máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ti èèyàn ni. Ti ejò yìí, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ wọnú, ebi ni kò ráyè wọlé.

Bó ti kọ oúnjẹ ni mo sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́. Mọ́ńdè, eku funfun, láti ọwọ́ ẹnì kan tó ń sìn wọ́n fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Túsídeè, òròmọdìẹ. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ẹyin. Ẹnì kan ní kí n gé ẹran adìyẹ sí i. Eṣinṣin ló jẹ ìyẹn ní àjẹyó. Mọ́námọ́ná kì í jẹ ẹyin, kò sì mọ ẹran gígé ní oúnjẹ. Eku ló ń jẹ, àti ẹyẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, àmọ́ bí nǹkan bá dójú ẹ̀, ìwé a máa fò lọ lórí èèyàn.

Alẹ́ ọjọ́ kan, mo ju eku funfun kan sí i láàyè, mo lọ sùn. Mo ní tó bá dòru, àwọn méjèèjì á yanjú ọ̀rọ̀ ara wọn. Wọ́n yanjú ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo jí, eku jókòó sórí ìwé ìròyìn, ó ń fọwọ́ nu ojú. Òṣùká wà ní igun, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó níbi méjì, ẹran pupa ń hàn lábẹ́ ìpẹ́. Ejò tí kò fẹ́ jẹun kì í bá eku jà. Á kàn ká jọ, á máa wò. Ebi sì ń pa eku. Nínú ilé tèmi, eku ló jẹ ejò. Omi bọ́ lójú mi díẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́. Láti ìgbà yẹn, eku ààyè kò wọnú àpótí náà mọ́.

Aládùúgbò wa kan wá ní eku funfun kọ́ ni eku, pé eku ilé ni kí n mú fún un, òórùn tó mọ̀ láti kékeré. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí mi. Mo ti kẹ́ pàkúté sídìí ààrò kí n tó gbé ejò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, dókítà ló sì ní kí n lọ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ìdí méjì ló sọ. Àkọ́kọ́, ọ̀tápiapia: eku tó bá ti lá májèlé nílé ẹlòmíràn, ikú ló gbé wá fún ẹni tó bá gbé e mì. Ìkejì ló bà mí lẹ́rù jù. Eku kan wà nínú ilé àti oko wa níhìn-ín, tí ọmú abo rẹ̀ lè tó 24. Òun ló ń gbé àrùn ibà Lassa kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó láti kó o ran èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹni tó ń fọwọ́ yọ ọ́ nínú pàkúté. Mo tú pàkúté, mo fi ọṣẹ fọwọ́ títí ọwọ́ fi hunjọ.

Ajá, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni dókítà yìí ń tọ́jú jù. Nígbà tí mo tú ẹnu àpò, obìnrin kan tó gbé ajá wá gba abẹ́rẹ́ fò dìde, òun àti ajá di ìta. Dókítà pe ọ̀gá rẹ̀ kan ní Ìbàdàn lórí fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó rọra la ẹnu Òṣùká, ó wò bóyá ojú egbò wà níbẹ̀ tàbí itọ́ tó ki. Ó gbé e sétí, ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní ejò tó bá ń lanu mí, tí ìfófó ń yọ nímú rẹ̀, àìsàn àyà ló ń ṣe é, ẹ̀yìn ìtọ́jú la tó ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Tèmi kò ní ìyẹn. Eégbọn mẹ́rin ló yọ lábẹ́ ìpẹ́ rẹ̀, tí èmi tí mo ń fọwọ́ pa á lára ní alaalẹ́ kò rí ẹyọ kan. Ó fún un ní oògùn aràn, ó fi ìwúwo rẹ̀ ṣírò rẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé kí n má lọ ra ti ewúrẹ́ fún un nítorí ọ̀wọ́n owó.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí níbi tí mo fi í sí. Mo fi ìwúrí ṣàlàyé ṣóò-gíláàsì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, tí wọ́n bá gbé yín sí oríta Ọláìyá ní ìhòòhò, tí wọ́n wá gbé iyán síwájú yín, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́?"

Màámi ló sá ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ 37.

Mo bi dókítà bóyá kí a fi túláàsì ti nǹkan sí i lọ́fun. Ó kọ̀. Ó ní erè tó dàgbà, tó sanra, lè lo oṣù mélòó kan láìjẹun kó má sì kú, pàápàá akọ, akọ sì ni tèmi; wọ́n a máa pa oúnjẹ tì nígbà tí ìfẹ́ abo bá gbà wọ́n lọ́kàn. Ìwúwo ni kí n máa ṣọ́. 1,120 gíráàmù ló wọ̀n níbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ dé bí 1,000, kí n gbé e padà wá kíá. Ọ̀dọ̀ ìyá oníkéèkì tó wà ní òdìkejì wa ni mo ti ń yá síkéèlì. N kò sọ ohun tí mo ń fi wọ̀n fún wọn rí. Bí wọ́n bá ń ka èyí, kí wọ́n dárí jì mí. Inú ike onídèérí ni ejò máa ń wà, kò fara kan síkéèlì.

Àtúnṣe náà kò ná mi lówó. Òṣogbo ìlú aró nìyí, àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kún fún ìkòkò àti àkísà àdìrẹ. Mo bẹ màámi ní ìkòkò aró tó ti fọ́.

"Ṣé ejò yẹn lo fẹ́ fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ọdún mélòó ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń lò láyé?"

Mo ní ó lè tó ọgbọ̀n, pé ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò dín ní ọdún 62 yé ẹyin ní 2020. Wọ́n wò mí. "Òun ló máa sin mí nígbà yẹn." Wọ́n lọ sẹ́yìn, wọ́n ń fi ìka kan ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ rẹ aró sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n mú, ẹnu rẹ̀ ti ya tó ibi tí ọwọ́ dídì lè gbà wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ̀ ọ́ kí omi rẹ̀ tó dẹ́kun dídi búlúù. Mo dojú rẹ̀ dé sí apá ibi tó móoru. Mo wá èyí tó kéré sí apá tó tutù, nítorí bí ibùba bá wà lápá kan ṣoṣo, ejò á máa yàn láàárín ooru àti ààbò, ààbò ni yóò sì mú. Kí ìkòkò náà má tóbi o. Tí ara rẹ̀ bá kan ògiri yí ká, ohun tó ń wá nìyẹn.

Mo gbé àpótí kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo fi àdìrẹ àlòkù bo gíláàsì rẹ̀ níhà mẹ́ta. Yàrá yẹn tún jìnnà sí ibi ìrẹṣọ. Sódà àti hydrosulphite tí àwọn aláró ayé òde òní ń pò mọ́ aró máa ń ta èmi gan-an nímú, ká tó sọ ti ẹranko tó ń fi ahọ́n gbóòórùn. Màámi kò gbà pé ìyẹn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò sì lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún wọn. Mo wá ti ìlẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, omi nìkan. Kò sí oúnjẹ, kò sí fífọwọ́kàn, kò sí àlejò. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló le jù. Mo máa dé ẹnu ilẹ̀kùn, màá padà. Mo máa gbé etí lé e, màá padà.

Ọyẹ́ wá dé. Lọ́sàn-án, Òṣogbo kò nílò ẹni tí yóò mú un móoru, àmọ́ lóru oṣù kejìlá, tẹmomíta tí mo fi síbẹ̀ ń wálẹ̀ dé 19 lórí ìwọ̀n Celsius, ejò yìí sì ń fẹ́ bí 31 tàbí 32 ní apá ibi ooru kí inú rẹ̀ tó lè lọ oúnjẹ. Àwọn òyìnbó ń tẹ́ ohun oníná sábẹ́ àpótí. Iná ta ni mo fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé? Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún ni mo ń rọ omi gbígbóná sí, mo ń fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, mo ń gbé e ti gíláàsì láti ìta ní aago mẹ́wàá alẹ́, mo tún ń jí pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọyẹ́ tún gbẹ ara rẹ̀. Awọ tó yẹ kó bọ́ lódindi bí ìbọ̀sẹ̀, wẹ́wẹ́ ló ń bọ́ bí èèpo àlùbọ́sà, díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni ìkòkò màámi ti ṣe ohun tí n kò rò sí i: ìkòkò amọ̀ a máa fa omi mu. Tí mo bá wọ́n omi sí i láàárọ̀, tí mo fi àkísà tútù sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ní ọ̀rinrin títí dalẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó kù bọ́ fúnra rẹ̀, tojú tojú.

Síbẹ̀ kò jẹun. 1,085. 1,060. 1,040. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀n ọ́n, n kò sì ń sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ ìwọ̀n. Alhaja tó wà ní ojúlé kejì ní, "Ààwẹ̀ wa ṣì ku oṣù kan, ejò tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀."

Mo yí oúnjẹ padà sí òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan, akọ, tí àwọn tó ń pa ẹyin ń tà ní ọ̀pọ̀. N kò kàn dédé yàn án. Àwọn tó wo ohun tí mọ́námọ́ná ń jẹ nínú igbó ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà rí i pé ẹyẹ kéékèèké ni àwọn tí kò tíì gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà ń jẹ jù, àwọn tó ti kọjá mítà kan ń jẹ eku, àwọn akọ sì ń jẹ ẹyẹ ju abo lọ nítorí wọ́n máa ń gun igi. Òròmọdìẹ kéré sí ara Òṣùká, àmọ́ oúnjẹ kékeré kì í dẹ́rù ba ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́wàá ni. Pípa ni wọ́n ń pa á kí n tó gbé e wá. Mo ń dì í sínú ọ̀rá, mo ń rì í sínú omi gbígbóná títí ara rẹ̀ á fi gbóná bí ti alààyè, mo ń nù ún gbẹ. Bó bá kọ̀ ọ́ ní alẹ́, màá kó o jáde ní àárọ̀ láìsọ ohunkóhun.

Alẹ́ ọjọ́ 138, òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Wọ́n mú iná lọ. Mo fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì, mo ṣílẹ̀kùn. Òṣùká ti gbé àgbọ̀n lé etí ibi tí ìkòkò ti ya. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ahọ́n rẹ̀ ń jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: á yọ, á dúró sí afẹ́fẹ́ díẹ̀, á wọlé. Mo fi ẹ̀mú gígùn tí màámi fi ń sun pọ̀nmọ́ (wọ́n ti ní kí n má dá a padà mọ́) gbé òròmọdìẹ sún mọ́ ọn. Ọrùn rẹ̀ fà sẹ́yìn, ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rù ló tún ń bà á. Pà! Ẹ̀mú fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti wé òròmọdìẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ronú.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tú u díẹ̀ tó fi imú wá orí rẹ̀. Àgbọ̀n ọ̀tún á sún síwájú, tòsì á tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ tó fún un. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ òròmọdìẹ méjì ló kù tó yọ síta lẹ́nu rẹ̀ bí pákò lẹ́nu àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkankan mọ́. Ó yán, ó la ẹnu gbàgà, ó pa á dé, ó wọ ìkòkò rẹ̀ lọ.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Màámi ni, wọ́n gbé fìtílà dání, wọ́n ti kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Ó jẹ?"

"Ó jẹ, mà."

"Má fọwọ́ kàn án o."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: òròmọdìẹ kan, ọjọ́ 138. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, mo tún gbé òmíràn wá. Ó wò ó, ó fa orí sínú ìkòkò. Mo dúró díẹ̀, mo ti ìlẹ̀kùn, mo lọ sùn.